Ọmọ Mi Wà ní Sèmè

Ọjọ́ Ajé, 15 Ọwẹ́wẹ̀ 2025

Ìwọlé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, àgbàlá ilé-ìwé di ẹrẹ̀, àwọn ìyá sì ń pọn ọmọ wọn dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kí bàtà tuntun má baà bàjẹ́. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ni wọ́n kó fún mi ní CI, kíláàsì àkọ́kọ́ pátá, lọ́dún yìí. Ìdajì ń sunkún, ìdajì tó kù ń wo àwọn tó ń sunkún bóyá kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Soufiane, òun kò sunkún rárá. Ó jókòó, ó tú àpò rẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán pátápátá, ó wá bi mí bóyá ilé-ìwé ti parí.

Mo ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí Samia kan, mo pe é lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe Samia tèmi, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ ni. Ó dáhùn, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Samia tèmi náà wọ CI lónìí, ṣùgbọ́n ní Sèmè ni, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Àdéhùn wa ni pé tó bá ti tó ọmọ ilé-ìwé, yóò padà wálé. Àbámẹ́ta tó kọjá ni Inoussa ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Yéyé ti mú un lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iná ti lọ. Aṣọ ilé-ìwé kákí tí mo ti rán fún ọmọ náà ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ máa rí i, mi ò sì lè ká a kúrò.

Ọjọ́rú, 17 Ọwẹ́wẹ̀

Soufiane tún bi mí bóyá ilé-ìwé ti parí. Mo ní ó ku ọdún mẹ́fà. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìkú, 21 Ọwẹ́wẹ̀

Mo lọ sí Sèmè. Zẹ́mi, ọ̀kadà tó gbé mi, sáré lórí afárá débi pé àdúà ni mo ń ṣe títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Yéyé wà nídìí ààrò, wọ́n ń to ẹja sórí irin. Samia gbọ́ ohùn mi, ó sáré wá, ó dì mọ́ mi níbàdí. Mo fi imú mi sí orí rẹ̀. Ọṣẹ tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́wọ́ mi ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́, èéfín ẹja ló kù. Ó ti ga. Lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ó padà lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yéyé, ó ń na ẹja sí wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Samia nígbà tí Bàbá Àgbà, ọkọ Yéyé, kú. Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ilé kò gbọdọ̀ dá wáí lórí Yéyé, kí ẹnìkan fún wọn ní ọmọ tí yóò máa dáhùn tí wọ́n bá pè. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní ó dáa. Kí ni ìyàwó ilé yóò tún sọ?

"Ìyàwó mi, o kú ọ̀nà," Yéyé wí. "Ṣé àwọn ọmọ rẹ ti wọlé?"

"Wọ́n ti wọlé, Yéyé."

"Tèmi náà ti wọlé."

Mo dúró kí wọ́n sọ ìyókù, wọn ò sọ. Ìyàwó kì í béèrè ọmọ padà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Tó bá béèrè, ó ti sọ pé ìtọ́jú wọn kò dáa nìyẹn. Mo jẹ gààrì, mo jẹ ẹja, mo ní ó dàbọ̀, mo wálé.

Àlàmísì, 25 Ọwẹ́wẹ̀

A bẹ̀rẹ̀ pátákó ọwọ́ lónìí. Tí mo bá lu rúlà mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ. Lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n gbé e sókè kí n rí i. Lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ohun tí mo lù kọ́ ni wọ́n gbọ́. Àwọn kan gbé e sókè kí wọ́n tó kọ nǹkan kan. Soufiane fi tirẹ̀ bo orí, ó ní òjò ń jò.

Àwọn mẹ́ta kan, Yasmine wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìlà wọn láti ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò bá wọn wí. Ilé-kéwú ni wọ́n ti ń bọ̀, bí àfáà ṣe kọ́ wọn láti kọ wàláà nìyẹn, kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń rí irú wọn. Mo mú ẹfun, mo ya ilẹ̀kùn kékeré kan sí apá òsì pátákó wọn, mo ní: "Kéwú ń gba ilẹ̀kùn tọ̀hún wọlé, Faransé ń gba ti ìhín. Àlejò méjì ni wọ́n, ilẹ̀kùn wọn kì í ṣe ọ̀kan."

Yasmine rò ó díẹ̀. "Mádàámù, tí wọ́n bá pàdé láàárín ńkọ́?"

Mo ní wọ́n á kí ara wọn.

Inú mi dùn dé ilé, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnìkan. Inoussa ń fá pákó ilẹ̀kùn tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó ní kí n sún kúrò nínú eruku igi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Ọwẹ́wẹ̀

Eré ìdárayá. Mo ní kí wọ́n sáré dé ìdí igi máńgòrò, kí wọ́n sì padà. Ìdajì kò padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà

Ìṣirò. Mo ti ní kí olúkúlùkù mú ìdérí ìgò mẹ́wàá wá. Ìyá Soufiane ń ta ohun mímu tútù ní Ouando, nítorí náà àpò ìdérí kan gbáko ni ọmọkùnrin náà gbé dé. Kí n tó kọ ọjọ́ òní sára pátákó ògiri tán, ó ti sọ kíláàsì di ọjà. Ẹ fún un ní bisikíìtì kan, ó fún yín ní ìdérí mẹ́ta. Nígbà tó yá, òun náà ń gba ìdérí mẹ́ta padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ jẹ bisikíìtì. Gbogbo wọn mọ iye tó kù lọ́wọ́ wọn, ìyọkúrò tí mo ń fi pa mọ́ de oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹn. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Aṣọ Yasmine ti ya láti èjìká dé àyà. Ìyá rẹ̀ ní òun á rán òmíràn tí oṣù bá parí. Mo lọ sílé ní ìsinmi ọ̀sán, mo mú kákí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá fún un. Ó bá a mu. Kò yẹ kó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Tòmátì wọ́n débi pé ata nìkan ni mo fi se ọbẹ̀.

Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Sèmè. Mo ní kí Samia fi ohun tó ti kọ́ hàn mí. Ó mú pátákó rẹ̀ wá. Ení dé àrún wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró dáadáa, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tò wọ́n lọ sí òsì. Wọ́n ti fi ẹfun pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

"Mùsíọ̀ tó ń kọ́ wa ní orí mi dojú dé," ó wí. Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni. "Ó ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tí kì í gbọ́."

Ilé-kéwú tí Yéyé ti ń mú un lọ láti ọdún méjì ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ka díẹ̀ fún mi. Ó ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ mọ́, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n. Àfáà mọ̀, Yéyé mọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀. Gbogbo ayé ló ń kọ́ ọmọ mi, àfi èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa kọ́ ọmọ.

Mo gbé e sórí ẹsẹ̀, mo mú ẹfun rẹ̀, mo ya ilẹ̀kùn sí apá òsì pátákó. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ àlejò méjì fún un nígbà tí Yéyé pè láti ìdí ààrò.

"Ìyàwó mi, Àìkú ni o. Jẹ́ kó sinmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀."

Samia ti bọ́ sílẹ̀ kí n tó dáhùn, ó ti lọ bá wọn.

Mo sunkún lórí zẹ́mi bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ọkùnrin tó gbé mi ní: "Mádàámù, ẹ fi gèlè bo ojú, atẹ́gùn orí afárá yìí burú." Mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ̀wàrà

Mo bá Inoussa nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Samia, ẹ lọ bá Yéyé sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Kí Samia máa bọ̀ nílé. Wọ́n ti gbé e lọ sẹ́yìn kíláàsì. Ohun tó ń ṣe é kò tó nǹkan, ọ̀sẹ̀ kan péré, mo máa tún un ṣe."

Ó fi lẹ́ẹ́dì rẹ̀ há etí, ó wo pákó, ó tún yọ ọ́. "Ìyá mi ni."

"Èmi ńkọ́? Ìyá ta ni mí?"

Ó ní òun máa lọ ní Àbámẹ́ta.

Àbámẹ́ta, 18 Ọ̀wàrà

Ó lọ, ó sì dé. Ó gbé àpò ẹja gbígbẹ kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ó bọ́ bàtà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n kí ọ."

"Nípa Samia ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le."

Akọni ọkọ mi! Ẹni tí a rán pé kó lọ mú ọmọ wá, ṣàwá ló mú dé. Mi ò se é. Mo di gbogbo rẹ̀ fún Murielle, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ CP, kíláàsì kejì, ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi.

Jímọ̀, 24 Ọ̀wàrà

Ẹ̀kọ́ nípa etí àti ojú. Mo fi aṣọ di ojú Yasmine, mo ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa pe orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ ẹni tó pè é. Ó mọ gbogbo wọn, títí kan Soufiane tó fi ohùn àgbàlagbà pè é. Ó wá kan èmi. Mo pe: "Yasmine."

"Màmá!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú ti ọmọ náà. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wá kọjú sí pátákó ògiri, mo ń pa ohun tí kò sí níbẹ̀ rẹ́ títí ojú mi fi gbẹ.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Murielle ní ìsinmi. Gun ni, kò sì mọ bí a ṣe ń rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin Nàgó lẹ máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwọ ti wọ kákí sọ́rùn ọmọ ẹlòmíràn báyìí. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún màmá yẹn."

"Ìyàwó kì í sọ irú ẹ̀."

"Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìyàwó kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ọ́."

Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ṣàwá.

Ọjọ́rú, 5 Bélú

Yéyé pe Inoussa ní ọ̀sán. Mùsíọ̀ Samia ti sọ fún wọn pé ọmọ náà kò tíì tó CI, pé lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, kí wọ́n dá a padà sí matẹnẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Ọmọ tó ka Fátíhà tán! Ọmọ tó ń ka ẹja márùn-ún márùn-ún fún àwọn oníbàárà, tí kì í ṣì í!

Inoussa ní matẹnẹ́ẹ̀lì náà dára, wọ́n máa ń fún wọn lóúnjẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí. Ó dìde, ó lọ jókòó láàárín àwọn pákó rẹ̀, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Àárò ọmọ yìí ń mú mi lára. Kì í ṣe ọkàn nìkan, apá mi gan-an ni, níbi tó máa ń gbé orí lé.

Jímọ̀, 14 Bélú

Mi ò lọ sí Sèmè ní Àìkú tó kọjá. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ ni. Mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa gbé e sá.

Lónìí wọ́n kọ orin tuntun láìsí pé mo bá wọn gbé e. Òjò ti ń dín kù.

Àìkú, 16 Bélú

Mo lọ ní èmi nìkan, mi ò wí fún Inoussa. Samia ti lọ sí ilé-kéwú nígbà tí mo dé, Yéyé nìkan ló wà nídìí ààrò. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi: ìkíni, ọpẹ́ fún ìtọ́jú, àdúà fún ẹ̀mí gígùn, ọgbọ́n tí mo máa fi yí i wá síbi tó yẹ. Mo kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Yéyé, mo wá béèrè ọmọ mi."

Bó ṣe jáde nìyẹn, gbọnrangandan, láìsí ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ìparí. Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu.

Yéyé fa igi kan kúrò nínú iná kí ẹja má baà jó. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Láti ìgbà wo lo ti fẹ́ béèrè?"

"Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé."

"Háà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Gbogbo Àìkú ni mo ń wo ẹnu rẹ. Mo máa ní, lónìí ló máa sọ ọ́. O ó jẹ ẹja tán, o ó ní Yéyé, ó dàbọ̀. Mo wá ní, ó dáa, wọn ò fẹ́ ọmọ náà mọ́ ni."

"Ta ni kò fẹ́ ẹ, Yéyé?"

"Kí lo fẹ́ kí n rò? Ọkọ rẹ wá, ó jókòó síbi tí o wà yìí, ó ní òjò ti pọ̀ jù lọ́dún yìí. Ó sọ̀rọ̀ òjò títí ọjọ́ fi rọ̀. Mo di ẹja fún un, ó lọ. Ìwọlé ti dé ṣáájú ìyẹn, mi ò rí ẹni tó wá mú un. Ṣé kí n jẹ́ kó jókòó sílé ni? Mo mú un lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi lè dé."

"Ẹ bá ti rán an sí wa."

"Èmi?" Ohùn wọn lọ sókè. "Kí n fọwọ́ ara mi rán ọmọ tí wọ́n fún mi padà, tí kò sẹ́ni tó béèrè? Ìwọ àti ọkọ rẹ á ní ó ti sú mi. Samia á ní Yéyé kọ òun. Ọmọ tí wọ́n fún èèyàn kí ilé má baà dá, a kì í dá a padà. Wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ ni."

Èmi ń retí wọn, àwọn náà ń retí mi, ọmọ sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó di ẹkún. Yéyé kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kì í ṣe ìwà wọn. Wọ́n bu omi fún mi.

"Mú un lọ," wọ́n wí nígbà tí mo mu ún tán. "Kì í ṣe lónìí. Wá ní Jímọ̀, kí ara mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ọlọ́run mọ̀ pé òní ni mo fẹ́. Mo ní ó dáa, Yéyé, mo dúpẹ́.

Jímọ̀, 21 Bélú

Mo lọ mú un lẹ́yìn ilé-ìwé. Yéyé ti dirun fún un, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n di aṣọ rẹ̀ sínú ìdì méjì. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ní kí a fa ilẹ̀kùn ìta pa tí a bá ń lọ. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Samia ké láti Sèmè dé orí afárá. "Yéyé o! Yéyé mi o!" Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún méjì jókòó lórí ẹsẹ̀ mi nínú tasíì, ó ń ké pe ẹlòmíràn. Mo dì í mú. Kò bì mí dànù, ṣùgbọ́n kò dì mí mọ́ra.

Ọjọ́ Ajé, 24 Bélú

Dírẹ́tọ̀ wa, Mùsíọ̀ Adéwùnmí, ní CI kan ṣoṣo ló wà nílé-ìwé yìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni Samia máa jókòó. "Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, Mádàámù Mariamou, ẹ kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ọmọ náà lójú ọ̀nà pé Mádàámù ni mo ń jẹ́ níbẹ̀. Ó gbà kíá, kò bi mí ní ìdí.

Mo fi í sí ìjókòó kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yasmine tó wọ kákí rẹ̀. Soufiane bi í bóyá ìyá rẹ̀ ni Mádàámù.

"Ìyá mi ni nílé," ó wí. "Yéyé mi wà ní Sèmè."

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un nílé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní: "Mẹrsí, Mádàámù." Mo wọ inú ilé ìdáná lọ, mo fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, 3 Ọ̀pẹ

Àlejò méjì ti mọ ilẹ̀kùn wọn! Mo lu rúlà lẹ́ẹ̀mejì, pátákó gòkè, ti Samia bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ení dé ẹ̀wá, kò sí èyí tó ṣáko. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Orí ọmọ mi kò dojú dé rárá. Mo fẹ́ jó. Mo ní: "Ó dáa, Samia," bí mo ṣe sọ fún Éric tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ń pè mí ní Màmá padà, láàárọ̀ nìkan, kí oorun tó dá lójú rẹ̀.

Àmọ́ kì í jẹun yó. Tí mo bá fún un lẹ́ja, á pín in sí méjì, á ti ìdajì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ti Yéyé ni. Mo ní Yéyé ní ẹja púpọ̀. Ó ní òun mọ̀.

Àlàmísì, 11 Ọ̀pẹ

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wọn funfun. Mo pa òróró fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹbí. Mo bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe nílé. Yasmine ń gbálẹ̀. Éric ń fún adìẹ lóúnjẹ. Soufiane ní òun ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ó kan Samia. Ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe kọ́ wọn.

"Mo máa ń dáhùn tí Yéyé bá pè mí."

"Nísinsìnyí ńkọ́?" Yasmine bi í. "Ta ló ń dáhùn?"

Samia wò mí. Ó dúró kí n sọ ọ́ fún òun, bí wọ́n ṣe ń dúró kí n sọ ohun tí wọn ò bá mọ̀. Mo lu rúlà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí pátákó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti mọ irú oúnjẹ tí ọmọ yìí ń jẹ: àárò ni. Òun ni mo jẹ fún ọdún méjì gbáko. Mo mú un kúrò lẹ́nu ara mi, mo fi sí tirẹ̀, ẹni tó wà nídìí ààrò ní Sèmè náà sì ń jẹ ẹ́.

Jímọ̀, 12 Ọ̀pẹ

Mo ní: "Bàbá Samia, mo fẹ́ lọ béèrè Yéyé."

"O fẹ́ béèrè kí ni lọ́wọ́ wọn?"

"Àwọn gan-an. Kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa."

Ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó wọ yàrá kejì tí a ń kó ẹrù sí, ó ń wọn ògiri fún ibùsùn. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ògiri náà ṣe gùn lọ. Mo gbọ́ tó ń fa imú, ó sì ní eruku ọyẹ́ ni.

Kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ràn ìyá ọkọ mi bí mo ṣe fẹ́ràn ìyá tó bí mi. Wọ́n á máa ṣí ìkòkò mi wò. Wọ́n á ní iyọ̀ pọ̀, wọ́n á ní mo ń tètè bínú sí ọmọ wọn. Èéfín ẹja á wọ gbogbo aṣọ ilé-ìwé mi. Mo ti rò gbogbo rẹ̀ wò, mo sì ṣì ń lọ.

Àìkú, 14 Ọ̀pẹ

Samia ti wọ bàtà kí n tó jí. Inoussa kò tẹ̀ lé wa, ó ní òun ń gé igi. Igi kankan kò sí nílẹ̀ tó ń gé.

Yéyé gbójú sókè láti ìdí ààrò. Wọ́n ti rù. "Ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Ara gbogbo wa yá, Yéyé."

Samia ti wà lọ́rùn wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan sí i, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ tó ní òróró ẹja yẹ irun rẹ̀ wò, ìdì kan tẹ̀lé òmíràn, bóyá mo dì í dáadáa. Mo kúnlẹ̀.

"Kí ló tún dé?" wọ́n wí. "Ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ."

"Yéyé, ẹ̀yin ni mo wá béèrè."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọkọ mi mọ̀, ó ń kan ibùsùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń béèrè yín. Ẹ wá sílé wa."

Wọ́n yí ojú sí ààrò. Wọ́n ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún ń yí èyí tí wọ́n ti yí tẹ́lẹ̀. Eékún mi ń dùn mí, mi ò dìde. Èéfín wọ̀ mí lójú, mi ò nù ún.

"Gbogbo ẹja yìí ńkọ́?" wọ́n wí níkẹyìn, láìwo ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n ta èyí tó wà nílẹ̀ ná."

Samia gbọ́ ọ. Kí n tó dìde, ó ti gbé abọ́ kan lé orí, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń ké mọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ wá rajà o! Ẹ rà á tán o! Yéyé mi ń bọ̀ nílé wa!"